Àwọn Ewé Tí O Gbá Jọ Tí O Dáná Sun

Ìkàrẹ́ Àkókó,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọ̀sán Sátidé.

Mojísọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Mo kà á lórí ìdúró, mo kà á lórí ìjókòó, mo tún gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ kà. Kí n tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n kí ọ bó ṣe yẹ kí ìyá kí ọmọ. O kú ìrìn omi, o kú iṣẹ́ tuntun, o kú ilé ọkọ. Ara wa le níbí. Bàbá rẹ ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń bá rédíò jà bó ti máa ń ṣe. Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀. Ìyẹn ni tiwa. Ọ̀rọ̀ tìrẹ ló wà nílẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ń sunkún nígbà tí o ń kọ ọ́, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ kì í wọ́ bẹ́ẹ̀, omi sì ti ba yíǹkì jẹ́ níbi tí o ti kọ ọ́ pé, "Mọ́mì, ẹ tọ́jú yàrá mi sílẹ̀ dè mí." Ọkọ mi, ẹkún rẹ wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ìyẹn, torí pé bí o bá kà á síwájú, ó lè dà bíi pé ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni mo wà. Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà, ibẹ̀ náà ni n ó sì kú sí.

Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá yé mi, bó ṣe rí nìyí. Láti ìgbà tí ẹ ti ṣe ìgbéyàwó, tí wọ́n sì ti gbé ọ lọ ṣe tísà ní erékùṣù àwọn ọkọ rẹ, ìwọ àti ìyá ọkọ rẹ lẹ jọ ń gbé ilé. Akin ọkọ rẹ ń bá iṣẹ́ ìlera káàkiri àwọn abúlé etí omi, ọjọ́ Jímọ́ ló ń wálé. Ìwọ ń jí ní ìdájí, o ń gbá gbogbo àyíká ilé mọ́ féfé, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn. O ń kó ewé, èèpo àgbọn àti ìpẹ́ ẹja jọ, o ń dáná sun gbogbo rẹ̀. Ìyá ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀fọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, kò sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó jáde sí ọ, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, ó ní, "Ó tó, ìyàwó. Ó tó." Ó gbé ìgbálẹ̀ náà wọ yàrá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, o ń kí i, ó ń dáhùn, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ láàárín yín.

Mo mọ ìdí tí ó fi dùn ọ́ dé egungun. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń fi lé ìyàwó lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó bá wọlé ọkọ. Bí ìyá ọkọ bá gbà á padà, ó ti lé e nìyẹn, kò tún ní láti la ẹnu. Mo mọ ìyàwó kan tó dẹrù lọ́jọ́ náà gan-an padà sí Ìṣùà, tí kò dúró gbọ́ kí ni òun ṣe. Nítorí náà n kò sọ pé o ń ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ṣé ìyá tí wọ́n bí sórí omi, tó dàgbà sórí omi, ló máa mọ ohun tí ìgbálẹ̀ ń wí ní Ìkàrẹ́?

Bàbá rẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí lẹ́tà náà. Ó ní, "Kó máa bọ̀ jàre! Ta ló ní kó lọ máa gbé láàárín omi bí ẹja? Ṣebí mo ti sọ tẹ́lẹ̀." Kò sọ tẹ́lẹ̀ o. Lọ́jọ́ ìdána rẹ, òun ló jẹ ẹja yíyan jù lọ, tó ń pe gbogbo ẹni tó bá kọjá ní "àna mi, àna mi." Ó ti lọ ṣí fèrèsé yàrá rẹ kí atẹ́gùn lè wọlé. N kò bá a jà. Yàrá náà wà bó ṣe wà, mi ò ní fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́ ọ láéláé. Ṣùgbọ́n jókòó ná, kí n bá ọ sọ̀rọ̀.

Èkíní, ọ̀rọ̀ àwọn ewé yẹn.

Ṣé o rántí ìgbà tí a wá mọ ilé ọkọ rẹ? A kúrò ní Igbókọ̀dá nínú ọkọ̀ ojú omi, mo di apá bàbá kan tí n kò mọ̀ rí mú títí a fi gúnlẹ̀, ẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo rí ìyá ọkọ rẹ tó ń ṣa àwọn ewé tí wọ́n fi pọ́n mọ́ínmọ́ín jọ, pẹ̀lú egungun ẹja àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín kó o dà sí ààtàn." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àna mi, ilẹ̀ nìyí, kì í ṣe ìdọ̀tí." Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ó kó o lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ ẹ káàkiri bí ẹni ń tẹ́ ẹní fún àlejò.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, ni mo tó rántí pé mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Níbi tí a jókòó sí, iyanrìn funfun ni, o wa á wa á, iyanrìn náà ni. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, ilẹ̀dú ni, dúdú kirikiri, ó tutù, ó ń rùn dáadáa bí ilẹ̀ oko wa ní Ẹ̀pìnmì lẹ́yìn òjò. Ilẹ̀ yẹn ò sí níbẹ̀ rí. Obìnrin yẹn ló ṣe é, ewé lórí ewé, ọdún lórí ọdún, láti ìgbà tí òun náà ti jẹ́ ìyàwó. Lórí iyanrìn, oòrùn ń ta látòkè, iyọ̀ ń bọ̀ láti inú atẹ́gùn òkun, omi òjò ń wọlẹ̀ lọ láì dúró. Ewé tó bo ilẹ̀ ló ń pa omi mọ́ fún gbòǹgbò. Nígbà tí o gbá a kúrò, aṣọ lo bọ́ lára ilẹ̀. Nígbà tí o dáná sun ún, o sun oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì dùn mí pọ̀, ni ibi tí o ti sọ pé nígbà tí tẹ̀tẹ̀ ń rọ, o lọ pọn omi odò wá, o fi wọ́n ọn láàárọ̀ àti lálẹ́ kó lè jí. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi òkun ń gòkè wọ odò! Mojí, ta ló ń fi omi iyọ̀ bomi rin ẹ̀fọ́? Ṣé o fẹ́ kí ọbẹ̀ ti níyọ̀ látinú ọgbà ni? Omi òjò tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù lábẹ́ páànù ni ti ẹ̀fọ́. Odò, ẹ fi fọ ẹsẹ̀.

Má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo wá sí Ìkàrẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, tí mo jẹ́ ọmọ Ọ̀kà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé tísà, ẹ̀rù wolé-wolé ń bà mí ju ẹ̀rù ikú lọ. Bí wọ́n bá rí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọn á kọ orúkọ rẹ sílẹ̀. Mo wá ń gbálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi gégùn-ún fún mi. Mo gbá iwájú, mo gbá ẹ̀gbẹ́, mo gbá ẹ̀yìn, mo fi ọkọ́ họ gbogbo ohun tó bá fẹ́ hù. Àwọn aládùúgbò ń yìn mí, "Ìyàwó tísà mọ́ tónítóní." Orí mi wú. Òjò dé, ó ń ṣan ilẹ̀ lọ sí títì díẹ̀díẹ̀, títí ìpìlẹ̀ ilé fi yọ síta bí ehín arúgbó. Mo gbin ata, kò yè. Mo gbin ọ̀dú, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo ní ilẹ̀ Ìkàrẹ́ ò dára, pé ilẹ̀ Ọ̀kà sàn jù.

Ìyá àgbà rẹ wá kí mi láti Ọ̀kà. O ò fi bẹ́ẹ̀ rántí rẹ̀, o kéré nígbà tó lọ. Orí àpáta ni ilé wa wà lọ́hùn-ún, o mọ̀ ọ́n. Láàárín òkúta kan sí ìkejì ni ìyá mi ti ń gbin nǹkan, ó sì ń to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹsẹ̀ òkè kí àgbàrá má bàa gbé ilẹ̀ lọ. Bí ọmọdé kan bá ta ìkúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ dànù, á bá a wí bí ẹni tó da epo nù. Ó dé ẹ̀yìnkùlé mi, ó wò ó yíká, ó wò mí, ó ní, "Kí lo fi ulẹ̀ ṣe? Ulẹ̀ kò sí lọ́jà, ọmọ mi." Mo ní wolé-wolé ni. Ó ní, "Iwájú ulé ni kí wolé-wolé wò. Ẹ̀yìn ulé, ti ẹnu wa ni." Kò jẹun kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta. Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn: iwájú ilé, a ń gbá a; ẹ̀yìnkùlé, ewé kan ò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀.

O wá lè bi mí pé, kí ló dé tí èmi Mojí kò mọ̀? Ìbéèrè tó yẹ ni. Iwájú ilé ni mo kọ́ ọ. Nígbàkigbà tí o bá tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìnkùlé, n ó ní, "Lọ kàwé rẹ." Ọwọ́ mi á wà nínú ilẹ̀, n ó máa wò ọ́ bí o ṣe ń padà wọlé pẹ̀lú ìwé rẹ, inú mi á máa dùn pé ọmọ mi kò ní fi ọkọ́ jẹun. O lọ sí ilé ẹ̀kọ́ onílé-ìgbé, o ti ibẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, o mọ ìwé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìdajì ẹ̀ṣọ́ ni mo kó fún ọ. Ó ń dùn mí láti àná. Bí ẹnikẹ́ni bá ní láti gba ẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, jẹ́ kí ó jẹ́ èmi ló kọ́kọ́ gbà á, kí tìrẹ lè rọrùn láti gbé.

Èkejì. Má ṣe gbóná.

Ní ọdún kan náà, mo rí tẹ̀tẹ̀ Àlàájà tó múlé tì wá, ó ń dán, ó ga dé orúnkún. Mo bi í kí ló ń fún un, ó ní ìgbẹ́ adìẹ. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo lọ kó ìgbẹ́ adìẹ tútù lábẹ́ ilé adìẹ rẹ̀, mo bù ú sí ìdí gbogbo ohun tí mo gbìn, mo tún bu èlé sí i. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì gbogbo rẹ̀ ti gbẹ bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí i. Àlàájà rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, àgbàdo ṣì wà lórí iná, o ti fẹ́ jẹ ẹ́! Kó o jọ, fi ewé bò ó, kí òjò pa á, kí oòrùn pa á. Nígbà tí kò bá gbóná mọ́, tí kò rùn mọ́, ìgbà náà ló tó di oúnjẹ ilẹ̀. Sùúrù, ìyàwó, Ọlọ́run ń bẹ pẹ̀lú onísùúrù." Títí di òní, bí mo bá fẹ́ ṣe wàdùwàdù, òun náà á yọjú lórí ọgbà, á ní, "Ìyá Mojí, ṣé ó ti tutù?"

Èyí wà fún ìbínú rẹ pẹ̀lú. Akin á dé ní Jímọ́, á ti rẹ̀ ẹ́, oòrùn orí omi á ti pa á. Má lọ dúró dè é ní èbúté pẹ̀lú ẹjọ́ ìyá rẹ̀ ní gbígbóná. Ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ ń fa ọwọ́ ọ̀tún, tí ìyá rẹ̀ ń fa ọwọ́ òsì, kò ní ọwọ́ tó máa fi jẹun. Jẹ́ kó wẹ̀, jẹ́ kó jẹun, jẹ́ kó sùn. Bí o bá ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nísàlẹ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kó má sí ẹjọ́ kankan mọ́ tó máa gbọ́.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin, mi ò mọ èyí tí mo kà dé mọ́.

Má ṣe tún nǹkan kan tò nínú ọgbà yẹn fún ọdún kan gbáko. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé ọgbà náà rí wúruwùru, pé ewúro wà níbi tí kò yẹ, pé ọkọ̀ ojú omi tó ti fọ́ wà láàárín ọgbà, tí wọ́n kó ilẹ̀ kún inú rẹ̀, pé o fẹ́ ní kí àwọn géńdé gbé e kúrò. Ọmọ mi, jọ̀wọ́! Mo rí ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ tí a wá. Gbúre wà nínú rẹ̀, efinrin wà nínú rẹ̀, koríko ọba wà ní orí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó gbé wọn sókè kí omi iyọ̀ má bàa dé gbòǹgbò wọn nígbà tí odò bá kún. Tún wo bó ṣe to àwọn igi. Àgbọn ló kọjú sí òkun, torí pé àgbọn ò bẹ̀rù iyọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn àgbọn, ewúro ṣe ọgbà yí wọn ká, ẹ̀fọ́ wá sá pamọ́ sí àárín bí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò sí èyí tó wà níbi tí kò yẹ. Ọdún àkọ́kọ́, ojú ni kí o fi ṣe oko náà, kì í ṣe ọwọ́.

Bàbá rẹ ní kí n sọ ti máńgòrò fún ọ, torí ó fẹ́ràn láti máa fi ṣe mí ní ẹ̀sín. Ó dáa. Mo gbin máńgòrò sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ó ní ó ti sún mọ́ ilé jù, mo ní ẹni tí kò gbin nǹkan kan rí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bó ṣe jẹ́ ọ̀pá kékeré, ó dára lójú mi níbẹ̀. N kò ronú ohun tó máa jẹ́ bó bá dàgbà. Ó dàgbà, ó gbé ilẹ̀ ilé ìdáná sókè, ògiri sán, a gé e lulẹ̀ pẹ̀lú èso lórí. Mo sunkún bí ọmọdé. Igi àti ọ̀rọ̀ ẹnu, ìgbà tí wọ́n bá kéré ni ká ti rò wọ́n dé ìgbà ogbó. Bí o bá sọ sí ìyá yẹn lójú pé o ń lọ, ọ̀rọ̀ náà kéré lónìí. Mi ò mọ ibi tó máa dé bó bá dàgbà.

Nípa àwọn ewé ìwòsàn: bi í léèrè. Orúkọ tí a ń pe ewé níbí lè má jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Bi í èwo ló ń sè fún ibà, èwo ló ń fi sínú ọbẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, èwo ni ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn ní ọ̀sán. Má bi í bí tísà tó ń dán ọmọ wò. Bi í bí ẹni tó máa lò ó. Àwọn àgbà fẹ́ràn kí wọ́n bi wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí a ń dí lọ́wọ́.

Ó wá ku ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Jí ní ìdájí bó o ṣe ń jí. Má wá ìgbálẹ̀. Gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sí etí omi, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bó àgbọn tí wọ́n sì ń tún ẹja ṣe. Tọrọ èèpo àgbọn, tọrọ ìpẹ́ àti ìfun ẹja, ṣa ewé tó bá wà lọ́nà. Rù ú fúnra rẹ. Má rán àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ o, mo mọ àwa tísà. Bí wọ́n bá ń wò ọ́ pé ìyàwó tuntun ń ru ìdọ̀tí, jẹ́ kí wọ́n máa wò ọ́. Kó o dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí o rọra tẹ́ ẹ bó ṣe ń tẹ́ ẹ. Ìfun ẹja, bò ó mọ́lẹ̀ kí ajá má bàa wú u. Ìyá á jáde. Bó bá jáde, kúnlẹ̀, kí o sì sọ ọ́ báyìí: "Màmá mi, mo gbá ohun tí ẹ kó jọ dànù. Ẹ̀kọ́ ni nílé tiwa, mi ò mọ̀ pé ìpalára ni níbí. Ẹ má bínú. Ẹ kọ́ mi." Má fi kún un. Má ṣàlàyé pé o ka ìwé. Má ra aṣọ fún un, má fi owó ránṣẹ́ sí i. Ewé lo bà jẹ́, ewé ni kí o fi bẹ̀ ẹ́.

Bó bá ti jókòó, sọ ohun tí gbígba ìgbálẹ̀ ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa fún un. Ó dá mi lójú pé ara rẹ̀ á bù máṣọ. Bí kò bá sì dáhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tún gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Awakọ̀ tó ń lọ sí Òkìtìpupa á bá mi mú irúgbìn ọ̀dú àti tẹ̀tẹ̀ dání pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo dì wọ́n sínú ọ̀rá méjì. Má gbìn ín fúnra rẹ. Gbé e fún ìyá ọkọ rẹ, kí òun fi ibi tó yẹ hàn ọ́. Ọ̀dú Ìkàrẹ́ lè má fẹ́ràn iyanrìn, ṣùgbọ́n ẹ jọ wò ó.

Mojí, má ṣì mí gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ń bú ọ ni, tàbí pé ebi ń pa ọ́ nínú ilé yẹn, tàbí pé Akin gbé ọwọ́ lé ọ, lẹ́tà kọ́ ni mo máa kọ. Èmi tí omi ń bà lẹ́rù yìí, ǹ bá ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ǹ bá ti máa di apá ẹlòmíràn mú. Mo ka lẹ́tà rẹ látòkè délẹ̀ láti wá ibi tí wọ́n ti hùwà ìkà sí ọ, mi ò rí i. Obìnrin tó ń dákẹ́ ni mo rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dákẹ́ torí pé wọn ò fẹ́ kí ohun tó wà lẹ́nu wọn jáde sára ọmọ ọlọ́mọ.

Ibì kan wà nínú lẹ́tà náà tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. O kọ ọ́ bí ẹ̀sùn. O ní lọ́jọ́ tó gba ìgbálẹ̀ yẹn, iná rẹ jó ọmọ àgbọn kékeré kan tó wà lábẹ́ fèrèsé yàrá ìwọ àti Akin, pé nítorí àgbọn tí kò tó nǹkan, ìyá dúró, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wò ọ́ bí ẹni pé o pa èèyàn. O ní Akin sọ fún ọ pé ọ̀sẹ̀ tí òun wá sọ nílé pé òun ti rí ìyàwó ní Ìkàrẹ́ ni ìyá òun gbìn ín.

Ọmọ mi, mo ka ibẹ̀, mo sì ká lẹ́tà náà sórí ẹsẹ̀, mi ò lè kà á lọ mọ́. Àgbọn kì í kánjú. Kí ó tó so, ọmọ tí o máa bí á ti máa sáré kiri lábẹ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ ti darúgbó, ehín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò lè fọ́ àgbọn. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kì í gbé ilé. Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ihò, ó kó ilẹ̀dú tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe sínú rẹ̀, ó gbin igi sábẹ́ fèrèsé ọmọbìnrin kan tí kò tíì rí rí. Ta lo rò pé ó gbìn ín fún?

Iná kì í tètè pa àgbọn. Bí ojúmọ́ bá ti mọ́, lọ bẹ̀rẹ̀ wò ó, kí o wo àárín gbùngbùn rẹ̀, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Bí o bá rí àwọ̀ ewé níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, má ṣe fọwọ́ kàn án. Pe ìyá rẹ kó wá wò ó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.